Ojú Iná Lára Aṣọ

Òórùn náà ló kọ́kọ́ bá mi. Mo wà ní ilé ìdáná àbúrò mi ní Bódìjà, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni nǹkan kan bá ta sí mi nímú: ó dùn díẹ̀, ó sì korò lẹ́yìn, bí ìgbà tí ọ̀rá bá lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò gbígbóná. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pariwo ohun tí mi ò sọ láti ogójì ọdún ó lé: "Ta ló gbé áyọ́ọ̀nù lé e? Ẹ tètè gbé e kúrò!"

Kò sí áyọ́ọ̀nù níbẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ló jókòó ti tábìlì. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ gbayawu, ó kọ ojú fáànù síta, ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Irin ṣóńṣó tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ẹnu rẹ̀ fa ilà lára ọ̀gáńsà aláwọ̀ ewé tó tẹ́ sórí gíláàsì. Ibi tí irin bá gbà, aṣọ ń là sí méjì bí ẹni fi abẹ gé e, etí méjèèjì sì ń dì fúnra wọn láìyọ òwú kankan. Níbòmíràn, ó kàn ń fi irin náà tọ́ aṣọ jẹ́jẹ́, ihò róbótó á yọ, àwọ̀ aṣọ tó wà nísàlẹ̀ á sì yọjú láti inú ihò náà.

"Màmá, ẹ má jáyà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń jó o ni."

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń jó o. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó lè la ẹnu sọ gbólóhùn yẹn kí wọ́n má dá ẹrù rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ náà.

Ọdún 1978 ni ìyá mi mú mi lọ bá obìnrin kan ní Òkè-Àdó pé kó kọ́ mi ní iṣẹ́ ìránṣọ. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn oníbàárà tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù náà: máṣíìnì Singer ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, bẹ́ǹṣì kan fún àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin, áyọ́ọ̀nù eléèédú kan, àti páálí àbẹ́là kan tí Àǹtí fúnra rẹ̀ ń ka iye tó wà nínú rẹ̀ ní alaalẹ́.

Aṣọ tó gbòde nígbà náà kì í ṣe òwú nìkan mọ́. Tẹ́ríléènì la fi ń rán ṣòkòtò àti yẹ̀rì ilé ìwé. Kírímpílíìnì ni àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ́ràn, torí pé kì í rún, bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́ lálẹ́, ó ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Sátíìnì wà fún ìyàwó ṣíṣe. Léèsì sì wà lórí gbogbo wọn bí ọba, èyí tó ń ti ilẹ̀ Austria wá. Ìjọba ti fi òfin dè é nígbà yẹn pé kó má wọlé mọ́, síbẹ̀ ó ń gba Kútọnu wọlé, ó sì ń wọ́n sí i. Ọmọ àbúrò mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ní 1941 ni àwọn ọkùnrin méjì kan, Whinfield àti Dickson, ṣe òwú tẹ́ríléènì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ò mọ ìyẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ni, ẹran kankan ò sì bí i, nítorí náà kò ní ìwà tí àwọn aṣọ yòókù ní.

Iná la fi ń mọ ìwà aṣọ. Bí oníbàárà bá kó aṣọ dé láti Gbági, Gbági àtijọ́ tó wà nítòsí Dùgbẹ̀, tó ní òwú gidi ni wọ́n tà fún òun, Àǹtí á ní kó jókòó ná. Á fa òwú kan yọ ní etí aṣọ náà, á ṣá ìṣáná sí i. Òwú gidi á gbiná lẹ́ẹ̀kan, á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú rẹ̀ á fúyẹ́ débi pé bí o bá mí sí i, ó ti lọ. Sányán á rùn bí irun orí, torí kòkòrò ló hun òwú rẹ̀, bí o bá sì fi ìka tẹ eérú náà, á fọ́ lúúlúú. Tẹ́ríléènì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ sá fún iná, á ká kò bí ìgbín tí wọ́n fi ọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà á yọ́, á tú èéfín dúdú, á kán tó! sílẹ̀. Tó bá tutù, kókó dúdú ni, líle, tí èékánná ò lè fọ́. Bí aṣọ bá jẹ́ àdàlù, o máa rí eérú, o sì máa rí kókó nínú eérú náà. Mo ti rí ìyá kan tó sunkún nítorí kókó bẹ́ẹ̀, torí owó òwú gidi ló san fún ọ̀pá méjìlá.

Mo fẹ́ràn ìdánwò yẹn ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ. Òun nìkan ni ìgbà tí wọ́n gbà wá láyè kí á jó nǹkan kí á sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. A ò ní máṣíìnì wífìn, èyí tó ń wé etí aṣọ fún télọ̀ òde òní kó tó ṣẹ́jú. Sátíìnì àti náílọ́ọ̀nù sì rèé, bí o bá ti fi sísọ́ọ̀sì kàn wọ́n báyìí, etí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Kí o tó rán apá kan tán, aṣọ ti dín ní ìwọ̀n ìka kan. Àbẹ́là la fi ń dí i. O máa na etí aṣọ náà le láàárín ọwọ́ méjèèjì, o máa mú un kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí iná, níbi tí iná ti dúdú bí aró, kì í ṣe níbi ṣóńṣó rẹ̀ tó pọ́n, torí ibẹ̀ ni èéfín tó ń sọ aṣọ funfun di eléèérí wà. Bí o bá lọ́ra, etí náà á le bí eegun ẹja, á máa gún ẹni tó wọ̀ ọ́ lábíyá. Bí o bá yára jù, kò ní dì, lẹ́yìn ìfọ̀ kan á tú. Àǹtí máa ń sọ pé, "Jẹ́ kí aṣọ gbọ́ ooru iná, má jẹ́ kó rí ojú ẹ̀."

Fèrèsé ṣọ́ọ̀bù á wà ní títì nígbà tí a bá ń ṣe é, kí afẹ́fẹ́ má baà pa àbẹ́là. Ọmọbìnrin mẹ́rin, yàrá kan, èéfín náílọ́ọ̀nù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Gbogbo wa là ń wúkọ́ lálẹ́, a sì rò pé ọyẹ́ ló fà á. Ẹ̀kán tẹ́ríléènì kan kán sí mi lórí àtàǹpàkò òsì nínú oṣù Kejìlá ọdún àkọ́kọ́ mi. Omi gbígbóná á ṣàn kúrò lára, ṣùgbọ́n èyí lẹ̀ bí àtè, ó ń jó mi lọ bí mo ṣe ń gbọn ọwọ́. Nígbà tí mo ya á, awọ mi tẹ̀ lé e. Àǹtí fi epo pupa sí i, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Mi ò bínú sí i nígbà náà. Inú ń bí mi báyìí tí mo rí ọmọ yìí pẹ̀lú ìbòmú àti fáànù rẹ̀, tí mo mọ̀ pé ohun tí kò wọ́n rárá ni, pé ẹnì kan ìbá ti kàn ṣí fèrèsé fún wa.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni ẹ̀rù tó tóbi jù. Kò ní nọ́ńbà, kò ní iná pupa tó ń tàn tó ń kú. A máa fẹ́ èédú títí á fi pọ́n, a máa fi ìdí áyọ́ọ̀nù ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè máa yọ̀, a máa ta omi sí i láti fi etí gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí omi bá pariwo tó fò dànù, ó gbóná tó fún àǹkárá, ó sì ti gbóná jù fún náílọ́ọ̀nù. Bí ó bá kàn hó jẹ́jẹ́ tó sì gbẹ, o lè gbìyànjú, pẹ̀lú aṣọ tútù láàárín. Ohùn omi nìkan la ní. Ọmọ àbúrò mi ti fi ìwé hàn mí báyìí pé ọ̀rá pure water máa ń yọ́ ní bí ìwọ̀n 110 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pé pọlíẹ́sítà ò ní yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí 250 sí 260. Mo ka àwọn nọ́ńbà yẹn bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó ti lù ú rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1979 ni mo jó bùbá léèsì onínáílọ́ọ̀nù kan. Obìnrin tó ni ín máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì síbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Mo ta omi, mo gbọ́ ohùn tó tọ́, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan èédú ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn. Ohun tó burú lára náílọ́ọ̀nù ni pé kì í kìlọ̀. Òwú á kọ́kọ́ pọ́n, á jẹ́ kí o mọ̀ pé o ti ń ṣìṣe. Náílọ́ọ̀nù á kàn lọ. Nígbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù sókè, aṣọ tẹ̀ lé e, ó ń fà bí ilá.

Ihò tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùbá náà tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kékeré. Etí rẹ̀ ti pọ́n, ó ti le, ó ká sókè bí etí ewé tó gbẹ. Ojú ìránpọ̀ ẹ̀gbẹ́ ló gba àárín ihò náà kọjá, òwú gidi la sì fi rán an, torí òun la ń lò nígbà yẹn. Aṣọ ti yọ́ lọ láti apá ọ̀tún àti apá òsì, ṣùgbọ́n òwú dúró. Ó nà gbọọrọ láti etí ihò kan dé èkejì, ó pọ́n díẹ̀, gbogbo ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì pé, bí okùn ìsáṣọ tí wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé ara mi ń gbọ̀n, síbẹ̀ mo ń wò ó. Mo rò ó lọ́kàn pé ó dára. Kò sí ẹni tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Àǹtí kò nà mí. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé, ó tan àbẹ́là. Ó fi sísọ́ọ̀sì ṣẹ́ ibi tó le kúrò, ó mú etí ihò náà yí iná ká kó má baà tú mọ́. Ó ṣa àwọn àjákù léèsì náà nínú àpò, ó gé òdòdó mẹ́sàn-án jáde lára wọn, ó fi iná pa etí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ihò náà, ó sì fi ọwọ́ rán wọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè rí i lójú fìtílà. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí mi ò lè gbàgbé: ó gbé apá kejì bùbá tí nǹkan kan ò ṣe, ó tún to òdòdó síbẹ̀ náà, kí ẹni tó bá rí i lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á láti ilẹ̀. Àkùkọ ti kọ nígbà tó já òwú tó kẹ́yìn.

Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó sì dúpẹ́ gan-an. Láàárín oṣù yẹn, oníbàárà méjì wá béèrè irú òdòdó ẹ̀gbẹ́ yẹn, Àǹtí sì gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mú wa búra pé a ò ní sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó sì fi oṣù mẹ́fà kún àkókò ẹ̀kọ́ mi nítorí ìjàǹbá náà. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Oṣù mẹ́fà tí mi ò gbà kọ́bọ̀, fún aṣọ tó wá di àṣà tí wọ́n ń sanwó fún. Mo ṣì gbà pé kò tọ́.

Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn ni mo rí agolo bisikíìtì. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ kan láti mú ìborùn mi, mo sì bá Àǹtí nìkan. Àbẹ́là wà níwájú rẹ̀, ó ti gé sátíìnì sí róbótó róbótó, ńlá àti kékeré, ó ń mú etí wọn lọ sítòsí iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Sátíìnì náà á sún kì, á ká sínú bí àwo, ó sì ń to ọ̀kan sínú èkejì títí wọ́n fi di òdòdó tó ṣí. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àárín wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dè é. Nígbà tó rí mi, ó bò wọ́n pẹ̀lú ọwọ́. Inú agolo náà kún. Kì í ṣe òdòdó nìkan: àjákù kírímpílíìnì tó ti fi iná dá lu jálajàla wà níbẹ̀, náílọ́ọ̀nù tó fi ṣíbí gbígbóná tẹ títí ó fi rún jọ bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, okùn dídán tí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ń hun mọ́ aṣọ òkè shain-shain, tó ti fi ooru ká bí irun. Ó ní, "Eré lásán ni. Lọ sùn."

Kò tà wọ́n, kò fi kọ́ wa. Lójú tirẹ̀, bíba aṣọ jẹ́ ni, aṣọ sì wọ́n. Mi ò mọ ibi tí agolo náà gbà lẹ́yìn tí Àǹtí kú.

Òun ni mo ń rò nígbà tí ọmọ àbúrò mi fi àwòrán iṣẹ́ Alberto Burri hàn mí. Ọmọ Ítálì ni, dókítà ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àgọ́ tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú lójú ogun sí ní Texas ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwòrán. Ó padà sílé, ó ń rán àpò tó ti fà ya mọ́ra wọn, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná jó ọ̀rá, pupa, dúdú àti èyí tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, títí wọ́n fi lu, tí wọ́n fi rọ̀ sílẹ̀ bí awọ. Ní nǹkan bí ọdún 1960 ló ń ṣe ìyẹn, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo wo àwòrán náà pẹ́. Mo mọ etí wọ̀nyẹn. Mo lè sọ ibi tí iná ti pẹ́ jù àti ibi tó ti kàn kọjá. Ó dùn mí pé ẹni tó ni agolo bisikíìtì kò rí i rí kó tó kú, kó lè mọ̀ pé kì í ṣe eré lásán.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń ṣe ló dùn mọ́ mi. Ó jó ọ̀pá ọ̀gáńsà méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ní òun kàn ń wò ó. Mo ní ṣé o mọ iye tí ọ̀pá kan jẹ́? Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, bí mo bá ń ro iye tó jẹ́, mi ò ní lè fi ọwọ́ kàn án." Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ẹ̀rù iye rẹ̀ ló jẹ́ kí ọwọ́ mi mọ́ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kí n rán aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún láìdán ohunkóhun wò tí oníbàárà ò bá ní kí n ṣe. Ìkejì yìí ni mi ò rí sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ náà.

Ọ̀rá pure water, ìyẹn kò náà án ní kọ́bọ̀. Ó ń ṣà á, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń tò ó ní ìpele mẹ́fà sáàárín pépà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, ó ń gbé áyọ́ọ̀nù iná mànàmáná lé e. Wọ́n á lẹ̀ pọ̀ di odindi, pẹ̀lú àwọ̀ búlúù àwọn lẹ́tà tó fọ́nká sínú rẹ̀. Lórí ìyẹn ló ń rán ọ̀gáńsà mọ́, lẹ́yìn náà ló ń fi irin ṣí àwọn ibi tó bá fẹ́ kí ìsàlẹ̀ yọ. Iṣẹ́ kan wà tó ń dà á láàmú: àwòrán odò kan tó fẹ́ kí okùn gba orí rẹ̀ kọjá láìsí aṣọ lábẹ́ okùn náà. Ìgbà mẹ́ta ló ti rán an, ìgbà mẹ́ta ni okùn ti yọ́ pẹ̀lú aṣọ.

Mo ní, "Òwú wo lo fi rán an?"

"Èyí tó wà lọ́jà, Màmá. Wọ́n kọ́ wa pé òwú gidi ló yẹ, ṣùgbọ́n gbogbo èyí tí mo rí rà, pọlíẹ́sítà ni."

Mo padà sílé mi lọ́jọ́ kejì, mo tú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rílì òwú funfun márùn-ún ṣì wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo fa ọ̀kan, mo ṣá ìṣáná sí i: eérú fífúyẹ́, òórùn ìwé. Mo gbé wọn lọ fún un.

Ó rán an, ó fi ìbòmú sí imú, ó fún mi ní ọ̀kan, ó tan irin. Ọ̀gáńsà náà là lábẹ́ irin, ó sún sẹ́yìn láti ọ̀tún àti òsì, ihò náà ń gbòòrò. Òwú náà dúró láàárín rẹ̀, ó nà gbọọrọ. Ọmọ náà pariwo ayọ̀. Mo fi àtàǹpàkò mi tó ní àpá kan án, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó rọ̀ sísàlẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti gùn jù. Mo ní kó gé òmíràn, kó fi ojú abẹ́rẹ́ sí kékeré, kó sì tún un rán.